Bí ẹ ṣe lè háyà sáúǹdì fún ìnáwó ìta gbangba ní Ilé-Ifẹ̀

"Ẹ jọ̀ọ́, èló ni sípíkà mẹ́rin?" Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ máa ń bi onísáúǹdì nìyẹn. Á dá iye kan, ẹ ó nájà díẹ̀, ẹ ó sanwó, ó parí. Ó di ọjọ́ ìnáwó kó tó hàn pé kò sẹ́ni tó béèrè èyí tó ṣe kókó: èèyàn mélòó ló ń bọ̀, irú ilẹ̀ wo ni, ta ló máa sọ̀rọ̀, irú ìlù wo ló máa dún, iná ta ni wọ́n máa lò. Sípíkà mẹ́rin lè pọ̀ jù fún àgbàlá kan ní Ìlódè, kí sípíkà mẹ́rin kan náà sì máa ké bí ọmọ ẹyẹ ní pápá ilé-ìwé.

Iṣẹ́ ètò ìnáwó ni mo ń ṣe nílùú yìí, mo sì ní ibi tí mo dúró sí lórí ọ̀rọ̀ sáúǹdì: ọ̀rọ̀ ni ká kọ́kọ́ gbọ́, kí orin tó tẹ̀ lé e. Bí ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá bá gbọ́ oríkì olóògbé ketekete, sáúǹdì yẹn dára. Bí àyà gbogbo wa bá ń mì tìtì tí kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tí àlùfáà wí, owó ti ṣòfò. Lórí èyí ni gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ dúró lé.

1. Ẹ rin ilẹ̀ náà kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni

Ẹ mú ìwé àti bírò dání. Ẹ dúró síbi tí tábìlì àwọn àlejò pàtàkì máa wà, kí ẹ wá fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ dé ibi tí àga ìkẹyìn máa wà. Ìgbésẹ̀ àgbàlagbà 40 jẹ́ nǹkan bíi mítà 30. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ iye kánópì, ibi tí ògiri wà, ibi tí ọkọ̀ ń gbà kọjá, ibi tí jẹnẹrétọ̀ lè dúró sí, àti ilé tó sún mọ́ yín jù lọ. Ẹ fi fóònù ya ilẹ̀ náà láti igun méjì tàbí mẹ́ta, torí onísáúǹdì tó mọṣẹ́ máa béèrè àwòrán.

Ìdí tí jíjìnnà fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ nìyí. Nínú gbọ̀ngàn, ògiri àti àjà máa ń dá ohùn padà sí wa létí, òun ló jẹ́ kí sípíkà méjì tó ìjọ kan lò láti ọdún dé ọdún. Níta, ohùn tó bá ti kọjá ti lọ nìyẹn. Nígbàkígbà tí jíjìnnà yín sí sípíkà bá di ìlọ́po méjì, ohùn á fi nǹkan bíi dẹ́síbẹ́lì 6 (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe lágbára tó) dínkù. Bó bá jẹ́ 100 ní mítà 5, á di 94 ní mítà 10, 88 ní mítà 20, 82 ní mítà 40. Ẹni tó wà níwájú á máa fi ọwọ́ di etí, ẹni tó wà lẹ́yìn á máa bi ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Kí ló wí?" Bí ẹ bá ní kí wọ́n gbé ohùn sókè sí i, ìyà ẹni iwájú lẹ ń fi kún. Kí sípíkà sún mọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn ni oògùn rẹ̀.

Gbogbo ilẹ̀ Ifẹ̀ kò sì rí bákan náà. Àdúgbò tóóró ní Ìlódè tàbí Ìrẹ́mọ, tí ilé wà lọ́tùn-ún lósì, kò nílò ẹ̀rọ púpọ̀. Ògiri ń ràn yín lọ́wọ́, àmọ́ ògiri kan náà ló ń gbé ariwo wọ yàrá àwọn aládùúgbò. Ẹnuwá níwájú ààfin fẹ̀, ọkọ̀ àti ọ̀kadà sì ń pariwo níbẹ̀, ohùn yín ní láti borí tiwọn. Pápá ilé-ìwé ló ń jẹ ẹ̀rọ jù, torí kò sí nǹkan kan tó ń dá ohùn padà. Àmfítíátà tó wà lára Gbọ̀ngàn Odùduwà nínú Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dára ní tiẹ̀, nítorí àga ń gòkè lọ láti iwájú sẹ́yìn, orí ẹnì kan kì í dí ohùn mọ́ ẹlòmíràn. Àmọ́ ẹ máa gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ yunifásítì kí ẹ tó gbé wáyà kankan wọ ibẹ̀.

2. Ẹ kọ gbogbo ohun tó máa dún

Ta ló máa gbàdúrà? Ṣé alága ìdúró àti alága ìjókòó wà? Ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn nílò máìkì tirẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á máa já a gbà lọ́wọ́ ara wọn bí ẹni tó ń jà sí ẹran. Ṣé DJ nìkan ni àbí ẹgbẹ́ akọrin? Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ jùjú tàbí fújì, ẹ gba ìwé ohun tí wọ́n nílò lọ́wọ́ olórí wọn: iye máìkì, iye gìtá, bóyá wọ́n ń gbé sípíkà tiwọn bọ̀, bóyá àwọn akọrin fẹ́ sípíkà tó máa kọjú sí wọn kí wọ́n lè gbọ́ ara wọn. Ẹ fún onísáúǹdì ní ìwé náà. Ọ̀pọ̀ ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín akọrin àti onísáúǹdì níwájú àlejò, àìfi ìwé yìí ránṣẹ́ ló ń fà á.

Ní ti onílù, máìkì kan tàbí méjì tó dúró ní ìwọ̀n àyà níwájú àwọn tó ń lu dùndún tó fún wọn. Onígángan tó ń káàkiri àga kò nílò máìkì rárá. Ẹni tí onílù náà ń kì gbọ́ ọ, òun náà ló sì ń náwó.

3. Ẹ mọ ohun tí ẹ ń béèrè

Fún èèyàn bí ọgọ́rùn-ún lábẹ́ kánópì méjì sí mẹ́ta, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àti orin díẹ̀ ló wà níbẹ̀, sípíkà méjì tí àńpù (ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára) wà nínú wọn, ti ínṣì 12 tàbí 15, lórí sítáǹdì tó ga, tó. Fún èèyàn 200 sí 300, méjì níwájú, méjì ní àárín, àti básì méjì (sípíkà ńlá tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde) bí DJ bá wà. Bí èrò bá ju 500 lọ, tàbí tí ẹgbẹ́ akọrin ńlá ń bọ̀, ẹ má ṣe é lórí fóònù. Kí onísáúǹdì wá fi ojú ara rẹ̀ wo ilẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí wáàtì tí wọ́n kọ sára sípíkà dá yín níjì. Iye gàdàgbà tó wà níwájú páálí sábà máa ń jẹ́ èyí tí sípíkà lè gbà fún ìṣẹ́jú akàn. Èyí tó lè gbé ṣiṣẹ́ títí ni wọ́n ń pè ní RMS, ó sì máa ń kéré sí ti iwájú páálí gan-an. Ẹ béèrè RMS. Ẹ tún mọ̀ pé bí wáàtì bá di ìlọ́po méjì, dẹ́síbẹ́lì 3 péré ló ń fi kún ohùn. Kí etí tó gbà pé ohùn ti di ìlọ́po méjì, wáàtì ní láti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní kí ẹ fowó kún owó kí òun lè gbé "èyí tó lágbára jù" wá, ẹ bi í bóyá òun kò lè fi owó yẹn gbé sípíkà méjì kún un sí ẹ̀yìn.

Ìbéèrè kan wà tó ń fi òṣìṣẹ́ gidi hàn. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àmọ́ ojú ẹsẹ̀ ni ti inú wáyà ń dé. Sípíkà àárín tó fi mítà 34 jìnnà sí ti iwájú á ti sọ̀rọ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kí ti iwájú tó débẹ̀. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ á máa gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, èkejì á sì máa bo èkíní mọ́lẹ̀. Ẹnjiníà tó mọṣẹ́ máa ń dá ti àárín dúró díẹ̀, nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 3 fún mítà kọ̀ọ̀kan; díléè ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ẹ bi í pé, "Ọ̀gá, ṣé ẹ máa fi díléè sí ti ẹ̀yìn?" Bó bá dáhùn láìjanpata, ẹ fọkàn balẹ̀. Bó bá ń wojú yín, ẹ wá ẹlòmíràn.

4. Ẹ lọ gbọ́ ọ níbi ìnáwó ẹlòmíràn

Ọjọ́ Sátidé kì í ṣófo ní Ifẹ̀. Ẹ bi onísáúǹdì tí ẹ fẹ́ lò pé ibo ló ti ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ yà síbẹ̀. Ẹ má lọ síwájú. Ẹ lọ dúró lẹ́yìn àga tó kẹ́yìn. Ṣé ẹ gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ MC? Ṣé máìkì ń súfèé? Nígbà tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá yí padà, tí ohùn rẹ̀ jìn, ṣé ẹnì kan wà nídìí míkísà (ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń darí gbogbo ohùn) tó tètè gbé e sókè, àbí ẹni náà ti bá àwọn alásè lọ?

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bi í pé tiẹ̀ ni ẹ̀rọ tàbí ó ń lọ yá a. Yíyá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń yá ara wọn ní básì àti máìkì. Àmọ́ ẹ ní láti mọ̀, torí bí ẹni tó ni í bá ní òde tirẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, tiyín ni wọ́n máa fi sílẹ̀. Ẹ béèrè ẹni tó máa dúró nídìí míkísà gan-an. Ọ̀gá ló máa ń gbowó, ọmọṣẹ́ ló máa ń wá.

Bí onísáúǹdì bá ń bọ̀ láti Iléṣà, Òṣogbo tàbí Ìbàdàn, owó ọkọ̀ á wọ inú ìṣirò. Ẹ tún bi í nígbà tó fẹ́ padà sílé. Ẹni tó ń bẹ̀rù ọ̀nà lálẹ́ á ti máa ká wáyà ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ olóòkú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jó wọlé.

Ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹbí á sì sọ pé òun mọ ọmọ kan tó máa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, kí ẹ wá owó háyà síbẹ̀. A kì í lè bá ẹni tó ń ṣe wá lóore wí nígbà tí máìkì bá kú.

5. Ọ̀rọ̀ máìkì

Ibí ni ìnáwó ti ń bàjẹ́ jù, ibẹ̀ náà ni àwọn èèyàn kì í náwó sí. Ẹ ka iye ẹni tó máa di máìkì mú lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ fi méjì kún un. Ọ̀kan ó kéré tán gbọ́dọ̀ jẹ́ oníwáyà, tó dúró sórí sítáǹdì tirẹ̀ láti àárọ̀. Ọjọ́ tí èyí tí kò ní wáyà bá dákẹ́, ẹ ó rí ìwúlò rẹ̀.

Ẹ ra bátìrì fúnra yín. Ẹ bi wọ́n bóyá AA ni máìkì náà ń lò, kí ẹ ra alkaline tuntun tó lè yí gbogbo máìkì padà lẹ́ẹ̀mejì: ẹ̀ẹ̀kan kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan nígbà oúnjẹ. Owó rẹ̀ kò tó ti kéèsì mínírà kan. Bí máìkì aláìníwáyà bá ju ọ̀kan lọ, kí wọ́n wà ní fíríkúẹ́ńsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, tí ìnáwó yín sì bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, kí onísáúǹdì dán an wò ní àkókò ìsìn, kí ìwàásù wọn má baà jáde láti inú sípíkà yín.

Ẹ kìlọ̀ fún MC kó má fi àtẹ́lẹwọ́ bo orí máìkì. Ó gbà pé ọ̀nà yẹn lẹwà, àmọ́ òun gan-an ló ń mú kí máìkì súfèé, tí ohùn á sì dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Kí ó dì í mú ní ọrùn, kí ẹnu rẹ̀ má jìnnà sí i ju ìwọ̀n ìka mẹ́rin lọ, kó má sì rìn lọ síwájú sípíkà.

Ẹ sọ̀rọ̀ nípa ẹ́kò pẹ̀lú, ìyẹn ohùn tí ẹ̀rọ ń tún sọ léraléra. Àwọn MC wa fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú. Ṣùgbọ́n ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ló gbé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wa dúró, ẹ́kò tó bá pọ̀ a máa da ọ̀kan lé òmíràn, oríkì á di ariwo. Kí wọ́n fi sí orin bí ó bá wù wọ́n. Nígbà ọ̀rọ̀ àti àdúrà, kí wọ́n pa á.

Ẹ má ka orúkọ tó wà lára máìkì sí ẹ̀rí. Ayédèrú Shure pọ̀ lágbàáyé débi pé ilé-iṣẹ́ Shure fúnra rẹ̀ ti ń kìlọ̀ fún àwọn oníbàárà. Etí ni kí ẹ fi dán an wò.

6. Iná

Ẹ má gbójú lé iná IBEDC. Bó bá wà láàárọ̀, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì lo jẹnẹrétọ̀ síbẹ̀. Bó bá dé láàárín ètò, ẹ má yí i padà. Ìyípadà yẹn lè ba ẹ̀rọ jẹ́, ó sì dájú pé á gé ọ̀rọ̀ mọ́ ẹnì kan lẹ́nu.

Ẹ kọ́kọ́ pinnu ẹni tó ń gbé jẹnẹrétọ̀ wá àti ẹni tó ń ra epo. Lẹ́yìn ìyẹn, ìṣirò. kVA tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ẹ ṣírò rẹ̀ lọ́nà 0.8 kí ẹ tó mọ kílówáàtì rẹ̀. Ti 5 kVA jẹ́ nǹkan bíi kílówáàtì 4, kí ẹ má sì lo ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ lọ, ìyẹn 3. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour" kò tó kílówáàtì 1. Bí básì bá lù lẹ́ẹ̀kan, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Sáúǹdì gbọ́dọ̀ dá ní jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀. Fíríìjì, ẹ̀rọ yìnyín àti iná kánópì, kí wọ́n wà lórí òmíràn, torí nígbàkígbà tí mọ́tò fíríìjì bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, iná á rẹlẹ̀ fún ẹ̀rọ yòókù, míkísà lè kú kó tún jí.

Kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí àlejò tó mítà 20, kí èéfín rẹ̀ kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ. Ẹ má gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí inú ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo. Gáàsì kan wà nínú èéfín náà tí kò ní òórùn, ó sì ń pani. Epo kíkún rẹ̀ ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀. Bó bá di dandan láti bu epo kún un, kí ó jẹ́ nígbà oúnjẹ, lẹ́yìn tí wọ́n ti pa á tó sì ti tutù. Wáyà tó ti ibẹ̀ wá sídìí míkísà, kí ó jẹ́ oníwáyà mẹ́ta tó nípọn, ti 2.5 mm², kí wọ́n sì tú u tán pátápátá, torí wáyà tó bá ṣì ká jọ máa ń gbóná lórí iṣẹ́.

Bí wọ́n bá ń tan ẹ̀rọ, jẹnẹrétọ̀ ni àkọ́kọ́, kí ó dúró dáadáa, lẹ́yìn náà míkísà, àńpù tàbí sípíkà ló máa gbẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n bá ń pa á, àńpù ló máa ṣáájú. Ọmọṣẹ́ tó bá ṣe é sódì á mú kí sípíkà dún gbàà bí ìbọn, ìgbà mélòó kan péré nirú ìyẹn ń gbà kí sípíkà tó bàjẹ́.

7. Ibi tí wọ́n máa gbé ẹ̀rọ sí

Kí sípíkà wà níwájú máìkì, kí máìkì wà lẹ́yìn rẹ̀. Súfèé kì í ṣe àjẹ́, ohùn sípíkà tó ń padà wọ inú máìkì ni. Kí orí sípíkà ga ju orí èèyàn tó dúró lọ, nǹkan bíi mítà 2, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sísàlẹ̀ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn. Básì ló máa wà nílẹ̀. Ẹ má gbé màmá àgbà tàbí ọmọ ọwọ́ síwájú básì, bó ti wù kí àga ibẹ̀ dára tó.

Láti oṣù Kẹta tàbí Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá, òjò lè dé nígbàkígbà, ìjì ló sì máa ń ṣáájú rẹ̀. Kí wọ́n fi àpò iyanrìn tẹ ẹsẹ̀ sítáǹdì mọ́lẹ̀. Kí tapólì wà nítòsí fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Bí omi bá ti ń kán sórí ẹ̀rọ tàbí ìdí wáyà, kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, kódà bí olórin bá wà lórí orin tó dùn jù. Nígbà ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá. Aṣọ fẹ́lẹ́ lórí míkísà nígbà tí wọn kò bá lò ó.

Wáyà tó bá gba ọ̀nà ẹsẹ̀ kọjá, kí wọ́n fi ẹní bò ó tàbí kí wọ́n gbé e gba òkè. Aṣọ òfì àti bàtà gogoro kì í rí wáyà.

8. Àdúgbò, ìjọba àti òru

Ẹ bá baálé àdúgbò àti ẹgbẹ́ onílé sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Bí ẹ bá fẹ́ dí ọ̀nà, ìjọba ìbílẹ̀ àti ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ gbọ́ sí i. Òfin àpapọ̀ lórí ariwo wà láti ọdún 2009, lábẹ́ NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àyíká, ẹni tí ariwo yín bá ń dà láàmú sì ní ibi tó lè gbẹ́jọ́ lọ. Bí ilé-ìwòsàn bá wà nítòsí, ẹ yí ojú sípíkà kúrò lọ́dọ̀ wọn. Bí mọ́ṣáláṣí bá wà, ẹ kọ àkókò ìrun fún DJ, pàápàá Jímọ̀ ọ̀sán.

Lálẹ́, ilẹ̀ máa ń tutù ṣáájú afẹ́fẹ́ òkè, ìyẹn á sì tẹ ohùn padà wálẹ̀, á jẹ́ kó rìn jìnnà ju ti ọ̀sán lọ. Ohùn tó mọ ní pápá yín lọ́sàn-án lè dé òpópónà kẹta bó bá di agogo mẹ́sàn-án. Kí ẹnjiníà rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kí ó sì kọ́kọ́ dín básì kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ ní ọdún 2022 pé níbi àríyá, kí ìpíndọ́gba ohùn má ju dẹ́síbẹ́lì 100 lọ. Áàpù tó ń wọn ariwo wà lórí fóònù. Kò péye tán, àmọ́ á fi hàn yín bí ẹ bá ti kọjá ààlà gan-an.

Ọjọ́ Ọlọ́jọ́, tó sábà máa ń bọ́ sí ìparí oṣù Kẹsàn-án tàbí oṣù Kẹwàá, ń kó gbogbo onísáúǹdì ìlú lọ, Ẹnuwá àti àyíká rẹ̀ sì máa ń kún. Bí ìnáwó yín bá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ yẹn, sí Kérésì tàbí Àjíǹde, ẹ san àsansílẹ̀ ní oṣù méjì ṣáájú. Ìgbà yòókù, oṣù kan tó.

9. Owó àti àdéhùn

Ẹ má béèrè iye lásán. Ẹ béèrè ohun tó wà nínú iye náà: ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, jẹnẹrétọ̀, epo, ẹnjiníà àti àwọn ọmọṣẹ́, iye wákàtí, àti iye tí wákàtí kan á jẹ́ bí àríyá bá kọjá àkókò. Onísáúǹdì méjì lè dá iye tó jìnnà síra, kó jẹ́ pé ẹni tó gbówó lórí ló ti fi epo àti ọkọ̀ kún tirẹ̀.

Ẹ má fi ẹnu nìkan ṣe é. Irú iṣẹ́ WhatsApp yìí ti tó:

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Bí a ṣe jọ sọ, ìnáwó wa jẹ́ Sátidé ọjọ́ … oṣù …, ní pápá …, Ilé-Ifẹ̀. Èèyàn bíi 250. Sípíkà mẹ́rin lórí sítáǹdì, méjì níwájú, méjì láàárín, básì méjì, máìkì aláìníwáyà mẹ́rin, oníwáyà méjì, míkísà. Ẹ ó gbé jẹnẹrétọ̀ wá, àwa la ó ra epo. Ẹ ó dé ní agogo mẹ́fà àárọ̀, ẹ ó ti dán an wò tán ní agogo mẹ́jọ. Ẹ̀yin fúnra yín tàbí … ló máa wà nídìí míkísà títí di agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Iye rẹ̀ ₦…. A ti san ₦…, ìyókù lẹ́yìn ètò. Bí ẹ̀rọ kan bá kọṣẹ́, ẹ ó pààrọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ kò bá lè wá, ẹ ó dá owó wa padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì pé ẹ gbà."

Èsì "mo gbà" yẹn ṣe pàtàkì ju rìsíìtì lọ. Ní ti àsansílẹ̀, ìdajì ni mo máa ń dúró lé. Ẹni tó bá ní kí ẹ san gbogbo rẹ̀ tán kí òun tó gbé ẹ̀rọ jáde, ẹ jẹ́ kó lọ.

10. Ọjọ́ náà

Ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹbí tó máa bá ẹnjiníà sọ̀rọ̀. Bí kò bá sí ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n á ní kó gbé e sókè, àǹtí á ní kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, bùọ̀dá láti Èkó á ní kó fi orin mìíràn sí i, ọkùnrin náà á sì fi gbogbo yín sílẹ̀ máa wò.

Nígbà ìdánwò, kí ẹni tó ń dán an wò sọ̀rọ̀ gidi. "Hẹ́lò, wán-tú" kò fi nǹkan kan hàn. Kí ó ka ẹsẹ Bíbélì tàbí kó ki oríkì, kí aṣojú ẹbí rìn dé àga tó kẹ́yìn nígbà tó ń kà á lọ́wọ́. Ara èèyàn ń gba ohùn mọ́ra, nítorí náà pápá tó ṣófo á máa dún ju èyí tó kún lọ. Kí wọ́n tún un gbọ́ nígbà tí àlejò bá ti jókòó.

Ẹ fún ẹnjiníà àti àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ lóúnjẹ kí àlejò tó bẹ̀rẹ̀ sí jẹun, kí wọ́n sì gbé e wá bá a nídìí míkísà. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oore. Ẹni tó bá dìde lọ wá àmàlà ni kì í sí níbẹ̀ nígbà tí máìkì bá súfèé.

Bí ètò bá parí, kí aṣojú ẹbí dúró tì wọ́n títí wọn á fi ká wáyà tán. Máìkì ló máa ń sọnù jù, inú gèlè tàbí lábẹ́ tábìlì MC ni ẹ ó ti rí i. Ẹ kà á pọ̀, kí ẹ kọ ọ́ sórí WhatsApp pé gbogbo rẹ̀ pé, kí ẹ tó san ìyókù owó. Epo tó bá kù nínú jẹnẹrétọ̀, bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ rà á, tiyín ni. Ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ kí wọ́n tó tan án, torí lálẹ́ gbogbo ènìyàn ló máa sọ pé àwọn kò rántí.